Owó Dúró àti Àwọn Onífìlà Aró

Abà Onígbá,
Lọ́nà oko Ìlobù.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1957.

Jàlálù ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ níléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, a ń jẹun, a ń mu omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ omi yẹn gan-an ni màá sọ fún ọ títí yóò fi sú ọ. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ Èkó pa ọ́, kò ní jẹ́ kí o gbé lẹ́tà olówó fún tálákà, kò ní jẹ́ kí o gbé ti tálákà sọ nù. Ìyá rẹ Mùíbátù kí ọ, àmọ́ kò sí nílé bí mo ti ń kọ̀wé yìí, màá dé orí ìyẹn náà.

Wàá rí i pé mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àti sábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà yìí, bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Má rò pé mò ń ṣe fáàrí. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà wa ti dé orí àmì ni, mo sì ti fojú ara mi rí ohun tí àìlámì lè ṣe, ni mo ṣe búra pé n kò ní fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ ní ìhòòhò mọ́ láyé.

Ìròyìn ayọ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ. Àbúrò rẹ Hàfúsátù, tó fẹ́ Bàdírù ní abà àwọn ará Ìfọ́n tó wà lódìkejì ìsun omi wa, ti bí ọkùnrin làǹtì-lanti. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Òní ni wọ́n ń sọ ọmọ náà lórúkọ, bí mo sì ti jókòó sídìí tábìlì yìí, mò ń gbọ́ ariwo wọn láti ọ̀hún, afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn àgbò tí wọ́n ń yan wá bá mi. Èmi bàbá ìyá ọmọ kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé ara mi kò yá. Kì í ṣe pé wọn kò pè mí, wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àlàáfíà ni kò jẹ́ kí n lọ.

O rántí ìsun omi náà, níbi tí pèrègún wà. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí, àwọn ará ọ̀hún ní a ti ṣí pèrègún náà kúrò nípò kí ilẹ̀ tiwa lè fẹ̀ sí i, àwa náà ní àwọn ló ṣí i kí tiwọn lè fẹ̀ sí i. Pèrègún fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ni ọ̀rọ̀ bá di òkúta sísọ. Wọ́n fọ́ ìkòkò wa mẹ́ta, òkúta kan ba ewúrẹ́ ìyá rẹ létí, ewúrẹ́ náà kò sì gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ ní kò gbọ́ràn tẹ́lẹ̀. Àwa náà fọ́ ìkòkò wọn. N kò ka iye rẹ̀ nítorí pé èmi kọ́ ni mo ra á.

Tíṣà Ọládiípọ̀ ló gbé ọgbọ́n dé. Onígbàgbọ́ ni, ará Ìfọ́n, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ abà méjèèjì ní sùkúù láàárọ̀, tó sì ń kọ́ àwa àgbà nírọ̀lẹ́. Ó ka ìwé ìròyìn fún wa pé ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Íjíbítì lórí odò kan tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè ayé sì kó ara wọn jọ, wọ́n ní Ìparapọ̀ làwọn ń jẹ́, Yunáítẹ́ẹ̀dì lédè òyìnbó, wọ́n wá kó sójà jọ láti ìlú tí ìjà náà kò kàn, wọ́n dé wọn ní fìlà aláró, wọ́n ní kí wọ́n lọ dúró sáàárín. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ yìn ín àfi bí ẹnìkan bá fẹ́ pa wọ́n. Dídúró ni iṣẹ́ wọn, gbogbo ayé ló sì ń dáwó fún wọn kí wọ́n lè máa dúró. Nígbà tí mo gbọ́ pé omi ló fa ìjà náà, mo dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo ní àwa ni wọ́n ń sọ yìí.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Òṣogbo, sí ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó tó ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ wa, nítorí pé Yunáítẹ́ẹ̀dì ni tiwọn náà ń jẹ́, mo sì rò pé kò yẹ kí n lọ wá sí òkè òkun ohun tó wà ní Òṣogbo. Mo sọ fún akọ̀wé ibẹ̀ pé sójà mẹ́rin péré la fẹ́, kí wọ́n má ga jù nítorí òrùlé abà wa. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin, ó ní àwọn kò ní sójà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, àwọn ní kẹ̀kẹ́ àti iyọ̀. Ọmọlúàbí ni. Ìgbà náà ni mo kọ̀wé sí ọ pé níwọ̀n bí lẹ́tà òkè òkun ti ń gba ọwọ́ rẹ kọjá, kí o ti tiwa bọ àárín wọn. Ìwọ wá fèsì pé a ò tíì gba òmìnira, pé a ò tíì jẹ́ orílẹ̀-èdè lójú wọn, wọn kò lè gbọ́ ẹjọ́ wa, wọn kò sì ní kí a dáwó.

Ọmọ mi, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Owó orí tí mò ń san lọ́dọọdún, ta ló ń san án bí a kò bá jẹ́ nǹkan kan? Ó bí mi nínú títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo tún un rò, mo ní níbi tí wọn kò ti ní kí èèyàn dáwó, kí lèèyàn ń sáré kúrò níbẹ̀ fún? Sọ fún àwọn tó ń béèrè òmìnira yẹn l'Ékòó pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè iye tí yóò máa ná wa lóṣooṣù.

Bí ayé kò ṣe kà wá, a ka ara wa. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé fún abà tiwa, bàbá Bàdírù, àna wa, fọwọ́ sí i fún tiwọn. A wá ọkùnrin mẹ́rin láti ọ̀nà Ẹ̀rìn, nítorí pé àwọn ò bá ìsun omi wa tan. Dúró ni orúkọ olórí wọn, orúkọ náà bá iṣẹ́ mu tó bẹ́ẹ̀ tí a ò fi wo ẹlòmíràn. A ra fìlà mẹ́rin, a rẹ ẹ́ láró. Òjò àkọ́kọ́ tó pa wọ́n, aró ṣàn láti orí dé àyà, àwọn ọmọdé rí wọn, wọ́n sá wọlé, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ibi omi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ti ń yọrí.

A ṣòfin. A ní àwọn onífìlà kò gbọdọ̀ lu ẹnikẹ́ni. A ní ibi tí abà méjèèjì bá fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n lè dúró sí. A ní owó tó bá ti ọwọ́ abà tó jẹ gbèsè wá, gbèsè ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi san. Òfin kẹrin, èmi ni mo mú un wá, mo sì gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga. Mo ní àgbà méjì tó fọwọ́ síwèé kò gbọdọ̀ kọjá ààlà níwọ̀n ìgbà tí gbèsè bá wà nílẹ̀. Mo mọ àgbà, Jàlálù. Àgbà a máa fọwọ́ sí nǹkan tí yóò jẹ ẹlòmíràn níyà, mo fẹ́ kí tiwa yàtọ̀. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi.

Pọ́ùn kan lóṣù ni owó wọn, ṣílè mẹ́wàá láti abà kọ̀ọ̀kan. Bí a ó ṣe pín ṣílè mẹ́wàá tiwa ló wá di ìjà tó ju ti pèrègún lọ. Tíṣà ní lọ́dọ̀ Ìparapọ̀, bí àpò oníkálukú bá ṣe wúwo sí ló ṣe ń san, pé Amẹ́ríkà nìkan ń san ìdá kan nínú mẹ́ta, pé Rọ́ṣíà ní òun kò ní san kọ́bọ̀, àwọn tó dá ìjà sílẹ̀ ni kó san án, pé àwọn mìíràn sì ní àwọn kò lówó, àwọn á fi èèyàn sílẹ̀ dípò owó. Gbogbo èyí pátá la rí ní abà tí kò ju ilé mẹ́tàlá lọ. Ẹnìkan ní kí ẹni tó kọ́kọ́ sọ òkúta san án, ni gbogbo ojú bá wo ilẹ̀. Ẹnìkan ní òun kò lówó, òun yóò fi àna òun sílẹ̀, kí ó lọ máa bá wọn dúró, kí ó sì máa jẹun níbẹ̀. Ọ̀kan ní òkè pátápátá ni ilé òun wà, òkúta kò dé ọ̀dọ̀ òun rí. Mo ní àlàáfíà kò mọ òkè mọ ìsàlẹ̀, ó ní kí àlàáfíà náà wá sílé òun kí òun rí ojú rẹ̀ kí òun tó sanwó.

Ọlábánjí ló gbà wá sílẹ̀, ọmọ abà wa tó ń ra kòkó ní Òṣogbo, tí kì í pọn omi wa, tí kì í mu ún. Ó ní òun yóò san ṣílè méje nínú mẹ́wàá. A súre fún un títí ẹnu wa fi gbẹ. Lọ́sẹ̀ kejì ó ránṣẹ́ pé níwọ̀n bí òun ti ń san ju gbogbo wa lọ, kí àwọn onífìlà máa dúró nídìí obì òun. Ìdí obì rẹ̀ jìnnà sí ibi omi tó bí ilé rẹ ṣe jìnnà sí ọjà Èkó. Àmọ́ ṣílè méje ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ dúró nídìí obì fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀kẹ́rẹ́, títí àwọn ará ọ̀hún fi béèrè pé ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ làwọn bá jà ni. Nígbà tí wọ́n padà síbi omi, Ọlábánjí náà padà sínú àpò rẹ̀, a kò rí ṣílè rẹ̀ mọ́.

Kí n má purọ́, àlàáfíà wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kò sẹ́ni tó sọ òkúta kan. Tíṣà ní àṣeyọrí ńlá ni. Ìyá rẹ ní kò sí òkúta tí èèyàn ì bá sọ, àwọn onífìlà ti kó gbogbo rẹ̀ ṣe ààrò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ pèrègún, a kò sọ ọ́ mọ́. Nígbà tí òkúta ń fò, ojoojúmọ́ là ń ránṣẹ́ síra wa pé ẹ wá ká yanjú rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹni tó ń dúró ti wà níbẹ̀, abà méjèèjì ti lọ sùn.

Ohun tó bà á jẹ́ nìyí. Nínú oṣù Júùnù, nígbà tí owó àwọn ará ọ̀hún pẹ́, mo ní kí n lo ìwé tí mo kọ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, n kò bẹ ẹnikẹ́ni, a kò sì tíì dé orí àmì nígbà náà, a kò tíì dé orí lẹ́tà ńlá. Mo kọ ọ́ báyìí: ki e dawo duro ki o to di ojo oja. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ dá owó Dúró, owó ọkùnrin náà, kí ó tó di ọjọ́ ọjà. Wọ́n kà á lọ́hùn-ún pé kí ẹ dáwọ́ dúró. Wọ́n dáwọ́ dúró lóòótọ́. Inú wọn dùn, wọ́n fi iṣu mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi pé Ọlọ́hun yóò san án fún àgbà tó láàánú. Èmi rò pé èlé owó ni, mo gbà á, a sì jẹ ẹ́. Nígbà tí Dúró lọ béèrè owó, wọ́n fi lẹ́tà mi hàn án pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi nísàlẹ̀. Àmì kan ṣoṣo lábẹ́ ọ, Jàlálù, kò tó orí abẹ́rẹ́, oṣù méjì owó àlàáfíà ló gbé lọ.

Tiwa náà kò sàn jù, oṣù méjì làwa náà jẹ. Pósítà ọ́dà, ìwé owó ṣílè mẹ́wàá tí o fi ránṣẹ́, mo ní kí n fi san tiwa. Àmọ́ oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì ni, kò sì tọ́ kí èèyàn sanwó iṣẹ́ tí a kò tíì ṣe, mo bá fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì géérégé, mo fún Dúró ní ìdajì fún ìdajì oṣù. Akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́ ní Òṣogbo wo pépà náà, ó wo ojú Dúró, ó ní kí ó jáde. Ìwọ tí o bá wọn ṣiṣẹ́, bá mi bi wọ́n, ìdajì nǹkan kì í ha ṣe ìdajì iye rẹ̀ ni? Ìdajì kejì ṣì wà nínú Kùránì mi, kò tíì bàjẹ́.

Bí gbèsè ṣe di pọ́ùn méjì láàárín abà méjèèjì nìyẹn. Mo rò pé àwọn onífìlà yóò bínú lọ sílé. Dúró ní báwo làwọn ṣe máa lọ láìgbowó, ẹni tó bá lọ ti bá owó rẹ̀ dágbére. Wọ́n wá dí ọ̀nà, wọ́n ní tọ́rọ́ kan fún ìkòkò omi kan, láti abà èyíkéyìí. Ìyá rẹ gbé ìkòkò rẹ̀ lọ, ó bi Dúró pé bí òun kò bá san ńkọ́? Dúró rántí pé òun kò gbọdọ̀ lu ẹnikẹ́ni. Ó ronú títí, ó ní òun yóò dúró. Ìyá rẹ ní kó máa dúró, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó pọnmi. Láti ọjọ́ náà gbogbo obìnrin abà méjèèjì ń kọjá. Wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́ pé tiwa yóò máa pọn láàárọ̀, tiwọn nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ síwèé kankan, kò sẹ́ni tó dáwó. Mo bi ìyá rẹ pé òfin wo ni wọ́n tẹ̀lé, ó ní òun kò sí níbi tí a ti ṣe tiwa.

Bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ ń kọjá, adìẹ ń kọjá, Tíṣà ń kọjá. Láàárín abà méjèèjì, ẹni kan ṣoṣo tí ààlà náà ń dá dúró ni èmi. Àna mi náà kò lè wá sọ́dọ̀ wa, àmọ́ kí ló ń wá níbí, nígbà tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀?

Láàárọ̀ òní ìyá rẹ ní kí n dìde kí a lọ. Mo ní mo fọwọ́ sí i. Ó ní kí n wá fún òun ní orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọmọ àti owó tí òun yóò fi sínú omi fún un. Mo ní òun tí kò bọ̀wọ̀ fún ààlà kọ́ ni yóò ru orúkọ ọmọ-ọmọ mi, orúkọ ọmọ kò yẹ kó gba ẹ̀bùrú. Ó wò mí bí ó ṣe máa ń wo ewúrẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Mo wẹ̀, mo wọ agbádá mi, mo mú ṣílè kan, mo kọ orúkọ náà sórí pépà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, mo rìn dé ọ̀dọ̀ Dúró. Èèyàn rere ni Dúró. Ó ní òun yóò kọjú sí igi, kí n yára kọjá. Mo ní a kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní ṣílè àti pépà, mo ní kí ó bá mi fi jíṣẹ́. Ó gba ṣílè náà, ó yí i lọ́wọ́, ojú tì í, ó ní bàbá, abà yín jẹ gbèsè. Mo rántí òfin. Òótọ́ ló sọ. Gbèsè ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi san. Orúkọ tí kò lówó nídìí, ta ni yóò sì pè é láwùjọ? Ó ká pépà náà mọ́ ṣílè, ó fi wọ́n sínú fìlà aró rẹ̀, ó sì dé e.

Mo padà sílé, mo jókòó. Bí wọ́n bá ti ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ́hùn-ún ni wọ́n ń hó yèè. Mo ka ìhó mọ́kànlá. Orúkọ mọ́kànlá ni ọmọ náà ní báyìí, Jàlálù, n kò mọ ìkankan níbẹ̀, kò sì sí tèmi láàárín wọn. Ó dùn mí. Bí mo ti dàgbà tó yìí, omi bọ́ lójú mi sórí tábìlì, ìdí nìyẹn tí ibì kan fi rí dúdú nínú lẹ́tà yìí.

Ní báyìí, fi owó ránṣẹ́. Má fi pépà ránṣẹ́, fún ẹni tó ń bọ̀ nílé ní owó tó ń dún. Pọ́ùn kan àti ṣílè mọ́kàndínlógún ni. Pọ́ùn méjì ni tẹ́lẹ̀, ṣílè ìsọmọlórúkọ ni wọ́n yọ. Tiwa àti tàwọn ará ọ̀hún ni kí o jọ san, má bi mí pé kí ló kàn ọ́ pẹ̀lú tiwọn, ìbéèrè yẹn ló mú wa dé ibi tí a wà yìí. Owó tí a fi mú wọn wá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a ó fi bẹ̀ wọ́n lọ. Bí o bá rí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí Ìparapọ̀ náà, bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ́ òfin kẹrin wọn, bí wọ́n bá ní in.

Ọlọ́hun yóò ṣọ́ ọ láìgba ṣílè lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò ní dí mọ́ ọ. O kò ní ṣe òfin tí yóò mú ọ nìkan. Àwọn ọmọ rẹ yóò jẹ́ orúkọ tí o bá sọ wọ́n, ojú rẹ ni ìsọmọlórúkọ wọn yóò ṣe.

Sàlámì ni mo sọ ọmọ náà. Àlùfáà ní àlàáfíà ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Lárúbáwá. Bí o bá wálé, kọjá lọ́hùn-ún kí o sì gbé ọmọ náà, kò sẹ́ni tó máa dá ọ dúró. Pè é bẹ́ẹ̀ fún mi létí, kí o rọra pè é. Dúró kò tíì dá orúkọ náà sílẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó wà níhà ìhín,
Bùràímọ̀.